Táyà Tí Ó Jẹ àti Táyà Tí Ó Gbó
Ọkọ̀ tí ó ń ru iṣu láti Ṣakí wá sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn ni ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ jù. Nítorí náà táyà ẹ̀yìn a máa tètè jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ wọn pẹ̀lú ti iwájú bí ọkọ̀ bá ti rìn tó 10,000 kìlómítà. Bí etí táyà méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, afẹ́fẹ́ kò tó; èyí léwu púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́ lórí eré.

Táyà àlòkù, tí a fi orúkọ ọmọ pè ní Tòkunbọ̀, lè nípọn kí ó sì ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 2310 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2010 ni a ṣe é. Rọ́bà bẹ́ẹ̀ ti gan.