Gba Tìrẹ Kí O Tó Yá Tẹlòmíràn: Ìmọ̀ràn fún Ìyá Tó Ń Dá Ọmọ Tọ́

Ọmọ mi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní Ìkẹjà, ìwọ nìkan lo sì ń gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ ní Abúlé Ẹ̀gbá níbí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nujú rẹ, ká jọ wo ohun tó wà nílẹ̀.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní London ń sọ fún ọ nípa Universal Credit, owó tí ìjọba ibẹ̀ ń san lóṣooṣù fún ẹni tí kò níṣẹ́. Kò sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ tìrẹ, tí o kò tíì bèèrè.

1. Má gbójú lé owó ìrànwọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹwàá 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ kéde náírà 25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, wọ́n dá ètò náà dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Rí i pé orúkọ kan náà ló wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ (NIN), nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì (BVN) àti ìwé báńkì rẹ, kí ọ̀nà lè là bó bá dé. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, olè ni.

2. Ibí ni kí o ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti Ọba Akran dé Agége ni kò mọ̀ ọ́n. Wo ìwé owó oṣù rẹ àtijọ́. Bí wọ́n bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lo ń dá, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi mẹ́wàá kún un. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta ọ́ lọ́rẹ. Òógùn ojú rẹ ni. Lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà. Mú nọ́ńbà rẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN dání, pẹ̀lú NIN, BVN àti lẹ́tà tó fi hàn pé o ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà yẹn! Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn kásúà pé kí wọ́n má wá mọ́ lọ́la. Má gbà bẹ́ẹ̀, bèèrè lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè yẹ òfin owó ìfẹ̀yìntì yìí sílẹ̀. Bí wọ́n bá yọ owó rẹ tí wọn ò fi ránṣẹ́, kọ̀wé sí PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n kọ, wá sílé mi, a ó jọ kọ ọ́.

3. Bàbá àwọn ọmọ jáde nílé, kò jáde nínú ẹrù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ní kí o fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí méjèèjì, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá aráàlú parí aáwọ̀. Wọn kì í gbowó, wọ́n á ránṣẹ́ pè é, ẹ ó jókòó sọ ọ́. Bó bá kọ̀, Office of the Public Defender ní lọ́yà tí o kò ní san kọ́bọ̀ fún. Mú ìwé ìbí àwọn ọmọ àti ìwé owó tí o ti ná lé wọn lórí dání. Má bá a jà lójú wọn.

4. Bí o ò bá lè san owó ilé ìwé aládàáni mọ́, mú ọmọ lọ sí ti ìjọba kí wọ́n tó lé e jáde lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni títí dé JSS 3 lábẹ́ òfin UBE ti 2004.

5. Má yáwó lórí fóònù. Bó o bá ti gbà fún àwọn tó ń yáni lówó níbẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ ti di tiwọn. Ọjọ́ tó o bá pẹ́ san, àwòrán rẹ á dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ rẹ, á dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ, wọ́n á ní olè ni ọ́. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi ìlànà lélẹ̀ fún wọn ní 2022, síbẹ̀ ìwà náà kò tíì tán. Sọgúndogójì òde òní ni wọ́n, mo sì ti rí obìnrin tí wọ́n fi ìtìjú lé kúrò ládùúgbò.

6. Wá obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tó ṣeé fọkàn tán, kí ẹ jọ ra àpò gaàrí kan ní ọjà Òkè-Odò, kí ẹ pín in. Kóńgò-kóńgò wọ́n jù. Bí o bá fẹ́ máa tà, ta oúnjẹ àárọ̀. Láti 2020 tí bọ́ọ̀sì BRT ti ń ti ibí lọ sí Òṣòdì, èrò ti ń tò ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àkàrà gbígbóná kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Bó ti wù kí èrè kéré tó, dá àjọ kí o tó ra èlò ọbẹ̀. Àjọ àkọ́kọ́ tó o bá kó, fi forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Ìlera Èkó, ètò ìdójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, torí ibà ọmọ kan ṣoṣo lè kó gbogbo owó ọjà rẹ lọ sí ọsibítù.