Èèpo Edé Tí À Ń Dànù: Báwo Ló Ṣe Ń Di Chitosan?

Tẹ́ ẹ bá bó edé tàbí tẹ́ ẹ jẹ akàn tán, ibo lẹ ń da èèpo wọn sí? Orí ààtàn, àbí? Ó dáa, nǹkan kan wà nínú èèpo yẹn tó lè fa aró àti òjé kúrò nínú omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀tà àti Sango gan-an. Àwọn olùwádìí Covenant University ní Ọ̀tà ti ṣiṣẹ́ lórí bí omi ìdọ̀tí ṣe ń ba odò Atuwara jẹ́.

Chitin lorúkọ nǹkan náà. Henri Braconnot, ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí i lára olú ní 1811. Nínú èèpo edé, chitin kì í dá wà. Purotéènì àti kálísíọ̀mù kábónéètì, irú èyí tó wà nínú èèpo ẹyin, ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Wọ́n á fọ èèpo, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á sè é nínú kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ti bomi là dáadáa. Purotéènì á jáde.

Ìgbésẹ̀ 2: Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú áásìdì haidirokilóríìkì tí kò le. Ó máa hó yẹẹ, torí áásìdì ń tú kálísíọ̀mù kábónéètì, gáàsì sì ń jáde lára rẹ̀. Èyí tó kù ni chitin.

Ìgbésẹ̀ 3: Wọ́n á se chitin náà nínú kọ́sítíìkì tó le gan-an, ìdá 40 sí 50 nínú 100, ní nǹkan bí 100°C fún wákàtí mélòó kan. Sódà á já ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ acetyl kúrò lára náítírójìn inú rẹ̀. Ó ti di chitosan nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ bu díẹ̀ sínú fínígà. Chitin á jókòó sísàlẹ̀. Chitosan á yòrò, á ki bí ẹ̀kọ mímu. Náítírójìn tó ti dòmìnira yẹn ló ń di òjé àti bàbà mú. Nínú omi tó kan díẹ̀, ó tún ń fa ọ̀pọ̀ aró mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló ń mú omi sódà àti omi áásìdì jáde. Tí wọ́n bá dà á sí gọ́tà, odò tá a fẹ́ tún ṣe la tún bàjẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan pa agbára èkejì títí pH á fi sún mọ́ 7, kí wọ́n sì tún kọ́sítíìkì tó le lò. Iyọ̀ àti purotéènì ṣì wà nínú omi náà, torí náà ó ṣì nílò ìtọ́jú.

Ẹ má dán an wò nílé o: kọ́sítíìkì tó le báyìí lè fọ́ èèyàn lójú. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ l'Ọ̀tà, ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ máa gbà ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó ra ìkòkò.