Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Kí A Tó Gé Fáíbírọ́ìdì Lẹ́yìn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó tàbí ti ọjà àwìn o. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó kan ló bí i. Ẹni tó ni fọ́ọ̀mù náà ti gbà mí láàyè láti kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ òun.

Arábìnrin wa yìí jẹ́ ẹni ọdún 46. Ní 2022 ni ó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fa oògùn líle sí i lára, wọ́n sì ní kí ó máa lo oògùn oníhóró kan tí ń jẹ́ tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún 5, ó kéré tán. Láìpẹ́ yìí, nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi ẹ̀rọ. Ó lọ ṣe síkáànì, wọ́n rí fáíbírọ́ìdì mẹ́rin. Ni ó bá gba fọ́ọ̀mù, ó wá onídùúró méjì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n lè yọ ilé ọmọ òun kúrò kí oṣù tó parí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà wo ló ní kí ẹ lọ ṣe é?"

Ó ní, "Àbúrò, èmi ni mo sọ fún ara mi. Ó ti mú ọyàn, n kò ní jókòó kí ó tún mú ilé ọmọ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Oògùn yẹn pàápàá, n kò lò ó mọ́ láti oṣù méjì. Wọ́n ní òun ló ń bọ́ fáíbírọ́ìdì."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló bà mí lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ. N kì í ṣe dókítà, ilé-ìwé girama ni mo kà dé, ṣùgbọ́n mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bèèrè títí.

Fáíbírọ́ìdì, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìju, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe ọmọ jẹjẹrẹ ọyàn. Ẹran ara ilé ọmọ ló ń dì ní kókó kókó. Jẹjẹrẹ kan wà tó lè fara jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ohun tó da òun àti jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ ni oúnjẹ: họ́mónù obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ló ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n irú ti arábìnrin wa ń jẹ ẹ́; ìdí tí wọ́n fi fún un ní tamoxifen nìyẹn. Oògùn náà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ́sítírójìn ní ọyàn. Ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún èyí tó lè pa á, nítorí èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Síbẹ̀, aládùúgbò tó gbà á nímọ̀ràn kò purọ́ tán. Ojú méjì ni tamoxifen ní. Ní ọyàn, ó ń dènà ẹ́sítírójìn. Ní ilé ọmọ, ó máa ń ṣe bíi ẹ́sítírójìn díẹ̀. Ó lè mú kí fáíbírọ́ìdì tóbi sí i, ó sì lè mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, ó tún ń fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Nítorí náà, bí ẹni tó ń lo oògùn yìí bá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó rí, kó má kàn sọ pé "fáíbírọ́ìdì ni." Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo ló rí, kó lọ sọ fún dókítà. Wọ́n á ṣe síkáànì, wọ́n sì lè mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú ọ̀bẹ. A kò kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù arábìnrin wa rárá.

Bí oògùn náà bá ń dààmú ilé ọmọ lóòótọ́, dókítà ọyàn ni yóò yí i padà. Oògùn mìíràn wà, bíi letrozole, fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ lọ rà á ní kẹ́mísì lo fúnra rẹ̀ o. Kò ní bá a ṣe iṣẹ́ tó yẹ.

Ǹjẹ́ ìgbà wo ni iṣẹ́ abẹ tọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya débi pé ó ń gbẹ lára, bí kókó náà bá ń tẹ àpò ìtọ̀ tàbí tó ń dí kíndìnrín lọ́wọ́, bí ó bá ń tóbi lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, tàbí bí àyẹ̀wò bá rí ohun tí kò dára. Èyí tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n lè máa wò ó. Bí nǹkan oṣù bá dá, fáíbírọ́ìdì sábà máa ń súnkì fúnra rẹ̀, ẹni ọdún 46 kò sì jìnnà sí ìgbà náà mọ́.

Bí ó bá di dandan, gígé kókó nìkan wà, fún ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, àmọ́ òmíràn lè hù. Yíyọ gbogbo ilé ọmọ wà, èyí kì í jẹ́ kó padà wá. Ẹ bèèrè gbangba pé, "Ṣé ẹ máa fi ilé ẹyin sílẹ̀ ni, àbí ẹ máa yọ ọ́?" Bí wọ́n bá yọ ọ́, ooru ara yóò dé lójijì, eegun lè rọ, bẹ́ẹ̀ họ́mónù tí wọ́n ń fún àwọn ẹlòmíràn láti rọ̀ ọ́ lójú, wọn kì í sábà fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fún àwọn kan, yíyọ ilé ẹyin wà lára ìtọ́jú ọyàn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà ọyàn àti dókítà obìnrin fi gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ èkíní lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ìwé kì í fẹsẹ̀ rìn ní ilé ìwòsàn wa.

Ẹni tó fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ ń lo tamoxifen. Oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ kó sì lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú sì lè fa irú rẹ̀. Dókítà lè ní kí ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, kó sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ti àgbo náà bí ẹ bá ń mu ún. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tà á, kí wọ́n má bínú sí mi.

Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ yá arábìnrin wa ní owó àyẹ̀wò nìkan. Awọ inú ilé ọmọ mọ́, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, jẹ́ 22. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e sórí tábìlì bẹ́ẹ̀. Ó ti padà sí tamoxifen. Wọ́n ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ goserelin lóṣooṣù, tó ń dá nǹkan oṣù dúró, tó sì máa ń mú fáíbírọ́ìdì súnkì. Ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn dókítà méjèèjì yóò tún wò ó, òun náà yóò sì sọ tirẹ̀. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀, òun yóò yọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì mi. A kò fagi lé e, àwọn onídùúró rẹ̀ kò sì yọwọ́.

Akọ̀wé yín