Dógò, Kì Í Ṣe Tọrọ

Àwa oníròyìn Yorùbá fẹ́ràn kí á máa kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ epo “ṣe ìrànlọ́wọ́” fún àwọn ará abúlé kan lágbègbè Warri: wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Inú rere ni ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí epo rẹ̀ dà sínú odò tí o ti ń pẹja, tó wá gbẹ́ kànga fún ọ, gbà-má-bínú ló san. Ìdá 13 nínú 100 owó epo tí òfin ọdún 1999 ní ó kéré tán kí ó padà sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wa epo ńkọ́? Ìpín nìyẹn. A kì í dọ̀bálẹ̀ gba ìpín.

Níbi ọ̀rọ̀-ìṣe ni wàhálà wà jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Keje ọdún 2002, àwọn obìnrin Itsẹkiri láti Ugborodo àti àyíká rẹ̀ wọ ibùdó epo Chevron ní Escravos. Ìyálọ́mọ àti ìyá àgbà ni wọ́n. Wọ́n dí ibi tí bàálù ń bà sí, wọ́n dí èbúté. Òṣìṣẹ́ bíi 700 há sínú ibẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti lé àwọn, àwọn á bọ́ra sí ìhòòhò. (Mi ò rò pé Yorùbá kan ń retí kí n ṣàlàyé ìyẹn.) Iṣẹ́ fún ọmọ wọn, omi, iná àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà láti kúrò.

Ṣé wọ́n “tọrọ” ni? Alágbe ló ń tọrọ, ẹni tí a tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè ní òun ò ní. “Béèrè” sàn díẹ̀, àmọ́ ó tutù jù. A ń béèrè ọ̀nà, a ń béèrè iye ẹja. Dógò ló bá a mu. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ológò, ìyẹn ẹni tó wá gba gbèsè, á lọ jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á máa bú u, oúnjẹ onílé náà ni yóò sì máa jẹ. Kò ní dìde àfi bí owó bá jáde.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn “tì” tó ń tẹ̀ lé dógò o: “wọ́n dógò tì í,” ṣùgbọ́n “wọ́n dógò ti Chevron.” Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á gòkè sí àárín.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì yọ ológò tó wọ kóòtù, tó so táì sílẹ̀. Kí Nàìjíríà tó san bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là fún Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá a lówó, ní 2005 sí 2006, ọdún mélòó ni wọ́n fi dógò tì wá?