Ìbora tàbí Ìpara? Ọ̀rọ̀-ìperí kan nípa Títọ́jú Èso

Ní Moor Plantation, ní Àpáta, Ìbàdàn, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà láti ọdún 1921, olùkọ́ nílò ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun tí ó ṣeé jẹ, bíi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi omi sè, tí a fi ń pa máńgòrò tàbí ìbẹ́pẹ lára kí ó má tètè bàjẹ́.

Èso tí a ti ká kò tíì kú. Ó ń gba ọ́síjìn sínú, ó ń tú kábọ́nì dàyọ́ksáìdì jáde, omi ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Bí ohun tí a fi pa á bá fẹ́lẹ́, èémí rẹ̀ yóò dínkù, pípọ́n rẹ̀ yóò sì falẹ̀. Bí ó bá nípọn jù, ọ́síjìn kò ní ráyè wọlé. Èso náà yóò máa rùn bí ọtí. Sítáàṣì nìkan kò sì lè dá omi dúró tó. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ọ̀rá díẹ̀ kún un.

Nítorí náà, “ìbora” kò péye: akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé kí a dí èso pa ni. “Ìpara aṣeéjẹ” ni ó yẹ, nítorí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń fi ìpara pa ara nígbà ọyẹ́, kí awọ má baà gbẹ.