Abẹ Tó Mú, Tí Kò Dọ́gba: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Onígbàjámọ̀ àti Àwọn Tó Ń Ta Abẹ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn onígbàjámọ̀ inú ẹgbẹ́ àti àwọn tí ń ta irinṣẹ́ fún wọn. Ohun tó fà á ni pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó, ó fi ra abẹ mẹ́fà, kò sì tíì san ìdajì owó náà tó fi kó gbogbo wọn pa mọ́ sínú àpótí. Ó ní wọ́n ń gé oníbàárà lára. A yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n mú dáadáa, èèkù wọn ni kò bá irin wọn mu. Ẹni tó tà wọ́n ti yọ èèkù àtijọ́ tó fọ́ kúrò, ó sì fi igi tó nípọn rọ́pò rẹ̀ kí abẹ lè dà bíi tuntun lójú.

Abẹ tí à ń wí ni èyí tí irin rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí a ń ṣí bí a bá fẹ́ fá orí tàbí irùngbọ̀n. Kì í ṣe abẹ olóólà o. Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Solingen ní Jámánì ni ìlú méjì tí òkìkí wọn kàn jù nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ ó sì máa rí orúkọ wọn lára irin. Irin wà lápá kan, èèkù wà lápá kejì, ìṣó kékeré kan ló so wọ́n pọ̀. Ìdí ìṣó yẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí ẹnu abẹ má bàa ká bó bá já bọ́. Ẹ ṣí abẹ kó nà tán bí àdá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí ìka kan, kí ìka wà lábẹ́ ìṣó náà gan-an. Bó bá dúró níbẹ̀, tàbí tó dúró nígbà tí ẹ sún ìka díẹ̀ péré, ó dọ́gba. Bí ìdí èèkù bá ṣubú, èèkù ló wúwo jù. Bí orí irin bá tẹ̀ sílẹ̀, irin ló wúwo jù.

Ẹlòmíràn á ní kí ló kan òun níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í tẹ abẹ mọ́ ara. Ìwọ̀n irin fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ ni. A sì máa ń gbé ẹ̀yìn abẹ kúrò lára níwọ̀n 30 dígírì: ẹ wo igun tábìlì, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ mú ẹyọ kan. Bí èèkù bá wúwo jù, á máa fa irin sẹ́yìn, abẹ á máa yí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Onígbàjámọ̀ á wá dì í mú pinpin kó má yí, ọwọ́ rẹ̀ á le, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti le ti ń tẹ abẹ nìyẹn. Orí àkọ́kọ́ láàárọ̀ lè má fi hàn. Tó bá di orí kẹjọ, tí ọrùn ọwọ́ ti ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yọ, pàápàá lẹ́yìn etí àti lábẹ́ àgbọ̀n. Irin tó wúwo jù ní tirẹ̀, imú rẹ̀ ló máa ń rì sí ara.

Ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe ohun à ń fi òwú nù lásán. Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti kòkòrò HIV lè ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn bí abẹ kan náà bá gé àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo èyí tí a ń pààrọ̀ abẹfẹ́lẹ́ rẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ni, a ò bá wọn jà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló fúyẹ́ jù, ọwọ́ a sì máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ èèkù, kó kọ́kọ́ wo irin. Irin kan wà tó nípọn bí ẹnu àáké. Òmíràn wà tí wọ́n ti lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́. Èèkù tó bá ti àkọ́kọ́ mu kò lè bá èkejì mu. Nínú ọ̀pọ̀ abẹ Sheffield àtijọ́, òjé ni wọ́n fi há ìdí èèkù, ó wúwo, ó sì ń bá irin tó nípọn dọ́gba. Ẹni tó bá yọ òjé yẹn dànù tó fi ike há a ti ba abẹ jẹ́ láìfọwọ́ kan ẹnu rẹ̀.

Èèkù tó wúwo ṣeé tún ṣe. Inú rẹ̀ ni a ń fi sánpépà ha kó fẹ́lẹ́, a kì í ha ìta. Bí ìṣó bá ti yẹ̀, ẹ fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Bó bá ń mì, ìdọ́gba kankan ò lè dúró. Mẹ́rin nínú abẹ mẹ́fà yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Igi méjì tó kù là nígbà tí káfíńtà ń ha á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, bí ẹ bá ti pààrọ̀ èèkù, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ má rán ọmọṣẹ́ lọ ra abẹ, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó mú abẹ kan lára èyí tó fẹ́ rà wá sí ìpàdé, ká jọ gbé e lé ìka wò kí owó tó jáde.