Ojú Òṣùwọ̀n, Ojú Ọjọ́

Àwọn tó fẹ́ràn láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́ máa ń ra ẹ̀rọ kékeré kan, wọn a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sórí òrùlé. Ẹ̀rọ náà á máa wọn òjò, atẹ́gùn àti ooru, á sì máa fi iye wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà inú ilé. Láti ibẹ̀ ni ètò bíi Cumulus, tí Steve Loft kọ, ti ń gbé e lọ sórí ìkànnì. Ẹni tó bá ṣí ìkànnì náà á rí àwọn ojú òṣùwọ̀n roboto tí abẹ́rẹ́ wọn ń yí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí. Iṣẹ́ Gerrit Grunwald, ará Jámánì, ni wọ́n. Mark Crossley ló tún wọn ṣe fún ojú ọjọ́. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ ojú òṣùwọ̀n náà sí, kí elédè kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ sí i. Yorùbá náà lè wọ ibẹ̀, bí a bá mọ èyí tó yẹ ká kọ.

Ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà. Òṣùwọ̀n ni ohun tí a fi ń wọn nǹkan. Ìwọ̀n ni iye tí a bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ nípa ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ pé ó kún ojú òṣùwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó kún ojú ìwọ̀n.

Ẹ má ṣe kọ “òṣùwọ̀n alààyè” sórí ìkànnì fún “live gauge” ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́mìí ni alààyè. “Ìwọ̀n ojú ẹsẹ̀” ni kí ẹ kọ, kó sì jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rọ Vantage Pro2 ti ilé iṣẹ́ Davis ń fi ìròyìn atẹ́gùn ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 2.5 síra wọn. Ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárọ̀, tí iye àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lálẹ́, ẹ kọ aago tí ẹ wọ̀n ọ́n sí i.

Ooru ni kí ẹ kọ, ẹ fi ìgbóná sílẹ̀. Ìkòkò lè gbóná, ara aláìsàn lè gbóná, ṣùgbọ́n ooru ló ń mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbóná ni àwọn àgbà ń pe àrùn burúkú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an gbàù. “Ìwọ̀n ooru” bá àárọ̀ ọyẹ́ pàápàá mu, torí pé òtútù jẹ́ ohun tó ń mú èèyàn, ooru ni ẹ̀rọ ń wọ̀n.

Ibi atẹ́gùn ni Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù. Ní 1805, Francis Beaufort, ọ̀gá ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to agbára afẹ́fẹ́ láti 0 dé 12. Èmi yóò kọ “afẹ́fẹ́ pa rọ́rọ́” sí 0, “atẹ́gùn” sí èyí tó ń mi ewé, “ẹ̀fúùfù” sí èyí tó ń mi igi ńlá, “ìjì” sí èyí tó ń ṣí òrùlé. Afẹ́fẹ́ ni orúkọ gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ bọ̀ ni ọfà òṣùwọ̀n ń tọ́ka sí: ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹni tó bá kọ “sí” dípò “láti” ti yí ọ̀run po.

Òjò ń rọ̀, ìrì ń sẹ̀, àrá ń sán, mànàmáná ń kọ. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ ìṣe wọn dà. Òjò mìlímítà 1 jẹ́ omi lítà 1 lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Ẹ kọ “òjò winiwini” tàbí “ọ̀wààrà òjò” sábẹ́ rẹ̀, kí ìyá àgbà tó ń wò ó lórí fóònù lè mọ̀ bóyá kó kó aṣọ wọlé.

Ìwúwo afẹ́fẹ́, tó máa ń wà ní nǹkan bí hectopascal 1013 létí òkun, “ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀” tàbí “ń wálẹ̀ kíákíá”. Kì í “ṣubú”. Ohun tó dúró tẹ́lẹ̀ ló ń ṣubú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ yìí nílé, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ́nù, ẹ ṣí fáìlì náà kí ẹ kọ Yorùbá sí i, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i dáadáa. Láìsí àmì ohùn, ojo lèèyàn á kà níbi tí ẹ fẹ́ kọ òjò sí.